Bẹ́ẹ̀dì Tí A Yá fún Àlejò Abẹ́òkúta

Bí àlejò bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwa Ìjẹ̀bú, a kì í jẹ́ kó mọ̀ pé àga ilé wa ò tó. A ó sáré yá ti aládùúgbò. Bó bá ti lọ tán, a ó dá a padà, a ó sì tún jókòó sórí àpótí wa. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀ rí, àfi ìgbà tí mo rí ọ̀gá wa tó lọ yá odidi ilé ìwòsàn.

Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé nígbà náà, ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń mu omi bí ẹni pé òùngbẹ ni wọ́n wá kọ́. Bàbá Ìjọ ni ọ̀gá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, orúkọ oyè yẹn náà la sì ń pè é níbi iṣẹ́. Bí orí bá ń fọ́ ọ, Bàbá Ìjọ á gbàdúrà fún ọ. Bí ọ̀kadà bá gbé ọ ṣubú, á gbàdúrà fún ọ, á ní kí o tètè padà sídìí iṣẹ́. Oògùn orí fífọ́ lásán, o ò ní rí i níbẹ̀.

Èmi àti ìyàwó kan tó ń dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá la jọ ń ti Jàpárá wá, lápá Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó lóyún. Èyí tó ní ṣáájú, orí ọ̀kadà ni kòtò ọ̀nà yìí ti bà á jẹ́ mọ́ ọn lára. Àwọn nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà mọ́. Ló bá lọ bẹ Bàbá Ìjọ pé kí ọkọ̀ tó ń já omi máa gbé òun lọ sílé nírọ̀lẹ́, ó ṣáà ń gba Ìjẹ̀bú-Igbó kọjá.

Bàbá Ìjọ wò ó tàánú-tàánú. "Ìyàwó wa, ọkọ̀ omi ni, kì í ṣe ọkọ̀ èèyàn. Ọlọ́run tó fún ẹ lóyún á gbé ẹ délé."

Bó ṣe di pé ó ń fẹsẹ̀ rìn nìyẹn, títí tí mọ́tò tó láyè á fi gbé e. Inú bí mi débi pé n kò ṣe àmín àdúrà àárọ̀ mọ́.

Àfi bí a ṣe gbọ́ pé ìjọba ń rán èèyàn bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Wọ́n fẹ́ rí yàrá ìtọ́jú àti ọkọ̀ tó ń gbé òṣìṣẹ́. Háà! Bàbá Ìjọ di ológbò tí iná jó nírù. Ó yá bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, ó lẹ bébà bo orúkọ ìjọ tó wà lára rẹ̀. Ó yá bẹ́ẹ̀dì ilé ìgbẹ̀bí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ta léèsì, ó wọ aṣọ funfun fún un, ó di nọ́ọ̀sì. Wọ́n kó ọ̀rá kúrò nínú sítọ́ọ̀, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó wá ku aláìsàn.

"Ìyàwó wa," ni Bàbá Ìjọ wí, "wá sùn síbí. Ikùn ẹ yìí, ẹlẹ́rìí wa ni."

Àlejò dé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bọ́ọ̀sì já wa sẹ́nu géètì lójú rẹ̀, ó sì ṣẹ́rí padà wéré, ìgbéyàwó ń dúró dè é n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tó bi wá léèrè, gbogbo wa ni a yin Bàbá Ìjọ. Ta ni yóò tú àṣírí ilé lójú àlejò?

Àlejò ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ nígbà tí aláboyún wa figbe ta. Bàbá Ìjọ sọ̀rọ̀ sí mi létí, inú rẹ̀ ń dùn: "Ó mà mọ̀ ọ́n ṣe o!"

Mo wolẹ̀, omi oyún ti ya.

"Nọ́ọ̀sì!" ni àlejò ké. Nọ́ọ̀sì ti bẹ́ jáde, bàtà rẹ̀ kan ló kù nílẹ̀. "Bọ́ọ̀sì dà?"

Bàbá Ìjọ nu ojú. "Ó lọ síbi ìgbéyàwó, sà."

Inú ọkọ̀ àlejò fúnra rẹ̀ la gbé e sí. Ìyàwó náà di ọwọ́ mi mú lójú ọ̀nà, ó ní, "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí èyí náà lọ o." Mo sunkún bí ọmọdé. Ọlọ́run ò jẹ́ kójú ó tì wá: bí a ṣe dé ilé ìwòsàn ló bí obìnrin làǹtì-lanti. Àlejò wo ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ tó ti rin gbindin, ó ní kí n sọ fún Bàbá Ìjọ pé òun ń padà bọ̀.

Ó sì padà wá lóòótọ́, lẹ́yìn tí ìyàwó yẹn ti wọlé iṣẹ́, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: Bàbá Ìjọ tún yá gbogbo rẹ̀. Bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀, ó tún sáré lọ, ìsìnkú ló ń dúró dè é lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá Ìjọ tún nawọ́ sí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyàwó náà kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kò sóyún nínú mi mọ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀."

Àlejò ti ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ níta. Bàbá Ìjọ wo èmi, mo wo òrùlé. Ó wo àwọn yòókù, kò sẹ́ni tó mira. Ni Bàbá Ìjọ bá sùn, tòun ti bàtà.

"Kí ló ṣe yín, sà?" ni àlejò bi í.

"Àyà ló ń dùn mí díẹ̀."

"Ṣé ọ̀rọ̀ àyà lẹ wá ń fi falẹ̀ yìí? Ẹ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn n'Ìjẹ̀bú-Igbó kíá. Bọ́ọ̀sì yín ńkọ́?" Ó mi orí. "Èmi ì bá gbé yín, ìjókòó ọkọ̀ mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀." Ó jáde sójú títì, òun fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀kadà dúró.

Kí ni Bàbá Ìjọ fẹ́ wí? Pé ara òun le? Ó gun ọ̀kadà, ó ká agbádá mọ́ra, ó ń wo kòtò níwájú.

Ìyàwó Jàpárá pọn ọmọ rẹ̀ dáadáa, ó sin ọ̀gá rẹ̀ dé ẹnu géètì. "Ẹ rọra o, Bàbá," ó wí. "Ọ̀nà yẹn ò dáa fún aláìsàn."