Yàrá Ìsàlẹ̀ fún Ìyá Ọláwọlé

Ọkọ mi, Ọláwọlé, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n ti kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Houston yìí. Ó ń gbé wọn, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń bá wọn ṣeré, kì í sì í kùn. Wàhálà tiẹ̀ wà nílé. Apartment wa ní Sharpstown, òkè pátápátá la wà, àtẹ̀gùn nìkan ló sì wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó wá bá wa gbé láti Òṣogbo rèé, orúnkún wọn méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Tí Màmá bá ti gòkè báyìí, ó di Sunday kí wọ́n tó tún fojú kan ìsàlẹ̀.

Tó bá di Sunday, Bọ̀wálé á dé. Ọ̀rẹ́ Ọláwọlé ni láti ilé ìwé, ìjọ kan náà la jọ ń lọ, òun àti ìyàwó rẹ̀ Ọláṣùmbọ̀ kò sì jìnnà sí wa. Màmá á jókòó sórí àga ìdáná, Ọláwọlé á di ọ̀tún mú, Bọ̀wálé á di òsì mú, Màmá á gbọ́wọ́ lé èjìká àwọn méjèèjì. "Ẹ rọra o! Ẹyin lẹ gbé o!" Gbogbo àdúgbò ló mọ ohùn wọn. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á tún gbé wọn gòkè.

Ilé la wá ń wá kiri. Ilé tó ní yàrá nísàlẹ̀, tí balùwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù? Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé lórí rédíò á ní ọjà ilé ti ń rọ̀, iṣẹ́ ń wọ agbègbè wa, ọjọ́ ọ̀la dára. Ọjọ́ ọ̀la ta ni? Èlé báǹkì ò sọ̀ kalẹ̀, owó orí ilé ń gòkè, inṣọ́ránsì sì ti di nǹkan mìíràn nítorí omíyalé. Ọjà tí wọ́n ní ó ń rọ̀ yẹn, kò tíì rọ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa.

A wá rí ọ̀kan ní Mission Bend. Mo fi àwòrán rẹ̀ han Màmá lórí fóònù. Wọ́n fi ìka kan fèrèsé yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Ibí ni kí ẹ bá mi gbé àga sí." Omi bọ́ lójú mi.

Ni Ọláwọlé bá ní, "Mọ́pẹ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà."

"Brọ̀dá Bọ̀wálé ńkọ́?"

"Ẹnikẹ́ni ni mo wí."

Ṣé ẹ mọ̀ wá. A ò ní pariwo ìbùkún tí ọwọ́ ò tíì tẹ̀, káyé má baà bà á jẹ́. Mo panu mọ́.

A pe iye tá a lè san. Agẹ́ńtì tó ń bá wa wá ilé pè, ó ní ẹlòmíràn ti gbé owó lé tiwa, kò sì lè sọ ẹni náà. Ọláwọlé fi kún un. Ẹni yẹn náà fi kún un. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀: "Ẹnikẹ́ni tó bá dìde sí ilé mi, kó ṣubú!" Èmi ni mò ń ṣe àmín. Nígbẹ̀yìn, ẹni yẹn sá, wọ́n ní àwa ni wọ́n máa ta ilé fún. A jó, a yọ̀.

Ìgbà tí báǹkì rán ẹni tó máa ń díye lé ilé wá, ó ní ilé náà ò tó iye tá a fẹ́ san. Báǹkì ní àwọn ò ní yá wa ju iye tó tó lọ, ká lọ wá ìyókù níbòmíràn. Níbo? Bí ilé ṣe bọ́ nìyẹn. Kọ́ńpìnnì kan tó ń ra ilé jọ ló san owó lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì tó iye tá a kọ́kọ́ pè. Ẹ ò rí ayé bí?

Kò pẹ́, kọ́ńpìnnì náà fẹ́ fi ilé yẹn háyà. Ọláwọlé ní ká lọ wò ó, ká má sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí kó má baà pe Bọ̀wálé, ó dá ìyá rẹ̀ pọ̀n sọ̀ kalẹ̀.

A dé Mission Bend. Ta la bá lẹ́nu ọ̀nà? Bọ̀wálé àti Ọláṣùmbọ̀!

"Kí lẹ wá ṣe níbí?" Bọ̀wálé bi wá.

"Ìwọ ńkọ́?"

Ọláṣùmbọ̀ ò lè mú un mọ́ra. "Ilé yìí la fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, kí olójúkòkòrò kan tó wá gbé owó lé tiwa!"

Mo wo ọkọ mi. Mo ní, "Olójúkòkòrò náà rèé."

Owó háyà ọ̀hún ju ohun tá a máa san fún báǹkì lóṣù lọ, apá àwa àtàwọn ò ká a. Màmá sọ̀rọ̀ láti inú mọ́tò: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbé àga mi, ara yín lẹ wá ń gbààwẹ̀ lòdì sí?" Ojú ti àwọn méjèèjì. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n búra pé àwọn ò ní fi ọ̀rọ̀ ilé pamọ́ fúnra wọn mọ́.

Sunday tó kọjá, bí mo ṣe ń de gèlè, Ọláwọlé yọ fóònù sí mi. Ilé kan ní Missouri City, ní ìtòsí Houston níbí, ilẹ̀kùn pupa, yàrá wà nísàlẹ̀. Ó ti fi iye tiwa ránṣẹ́. "Mọ́pẹ́, má sọ fún…"

Orí mi gbóná. Mo fa gèlè mi le.

Bọ̀wálé dé, wọ́n gbé àga. Wọ́n dé ìdajì àtẹ̀gùn, ara mi ò gbà á mọ́. Mo kígbe: "Brọ̀dá Bọ̀wálé, ọ̀rẹ́ yín ti tún lọ pe owó lé ilé kan ní Missouri City! Ó nílẹ̀kùn pupa!"

"Mọ́pẹ́!" ni Ọláwọlé wí.

Àga dúró. Bọ̀wálé ò gbójú sókè. Ó ní, "Àwa náà ti pe tiwa lé ilé yẹn lánàá."

Màmá ká ọwọ́ kúrò léjìká àwọn méjèèjì, wọ́n gbé e lé itan.

"Ẹ gbé mi padà sókè."