Yìgì Orí Bẹ́ẹ̀dì Ọsibítù

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹgbẹ̀rin náírà ni kóńgò ata gbígbẹ ní Ọ̀mù-Àrán lọ́jọ́ tí mo fún bàbá àwọn ọmọ mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún pé kó bá mi rà á wá. Ó gbé ata dé, kò gbé ṣéńjì dé. Mo bú u títí ẹnu fi ro mí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tiro. Mi ò mọ̀ pé egbò àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ lọ sókè.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹsẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Dókítà ní àìsàn ṣúgà ni, àfi kí àwọn gé e lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa kú. Kí ìyàwó fọwọ́ sí ìwé. Mo nawọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi já bírò gbà lọ́wọ́ mi.

"Ta ló so yìgì ẹ? Ẹnì kan kì í gbé ààbọ̀ ara lọ sọ́run nílé wa."

Òótọ́ ló sọ. A ti bímọ mẹ́ta, a ò tíì pe ààfáà kó so wá pọ̀. Ọdọọdún là ń dúró de owó màlúù. Bí àwọn tá a jọ ń ta gàrì bá bi mí, màá ní, "Ẹ fẹ́ so mí, ṣé ewúrẹ́ ni mí?" Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Mo pe àbúrò mi ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà ní Àrándùn. "Wá fà mí fọ́kọ. Gbé ààfáà dání. Má dúró mu omi!"

Nígbà tí wọ́n dé, àwọn aláìsàn ọ̀tún àti òsì ló ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀kan ní, "Ẹ ṣe é kíá o, ìyàwó, omi tí wọ́n fà sí mi lára ti fẹ́ tán." Ààfáà bèèrè sàdáákì. Mo kiwọ́ bọ àpò, ààfáà dá mi dúró.

"Rárá o. Ìyàwó kì í san sàdáákì ara ẹ̀. Owó ọkọ ni."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kọjú sí fèrèsé. Ọkọ mi, tí ibà ń gbọ̀n jìgìjìgì, nàka sí ṣòkòtò rẹ̀ tó wà lára ìṣó. Mo tú àpò rẹ̀. Ṣéńjì ata!

"Owó mi nìyí!"

"Owó mi ni," ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Èébú tí o bú mi ni mo fi rà á."

Ààfáà wò mí. "Ìyàwó, ṣé o yọ̀ǹda ẹ̀ fún un?"

"Mo yọ̀ǹda, ààfáà! Ẹ so ó!"

Wọ́n so ó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ju bírò sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mú un, mo fọwọ́ sí ìwé.

Wọ́n gé e ní orúnkún. Ó yè. Owó yẹn ò ra ìdámẹ́rin kóńgò ata mọ́, mi ò sì ná an. Sàdáákì mi ni: ẹgbẹ̀fà náírà.