Osùn Níwájú Orí Ọmọ

Mo rántí ìgbà tí mo gbàgbọ́ pé bí ènìyàn bá ti sọ òtítọ́ níwájú àwọn tó kàwé, iṣẹ́ ti parí. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ọjọ́ orí tó yẹ kí ojú ti là. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé yẹn, mo wọ bàtà tuntun, mo fi àtíkè kan ojú, mo sì gba ọ̀nà Lẹ́kí lọ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

Iṣẹ́ wa ni láti yẹ àwọn ohun èlò ìwòsàn tuntun wò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn: ṣé wọn ò ní ṣe ènìyàn léṣe, ṣé wọ́n sì ń ṣe ohun tí àwọn tó ṣe wọ́n ní wọ́n ń ṣe. Ìgbìmọ̀ kékeré ni wá. Alága wa kéré sí mi dáadáa. Dókítà àti Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń pe àwọn yòókù, ṣùgbọ́n Màmá ló ń pe èmi tí mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé kí òun tó wọ yunifásítì. Àwọn kan rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá ti fi ọ̀wọ̀ tì sẹ́yìn rí ló mọ̀ ọ́n.

Ohun tó wà níwájú wa nígbà náà ni ẹ̀rọ kan tó ṣe é mú lọ́wọ́ bíi tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á gbé e lé iwájú orí ìkókó, yóò tan ìmọ́lẹ̀ fìrí, yóò sì fi nọ́ńbà sọ bí ibà pọ́njú ṣe pọ̀ tó lára ọmọ náà, láìgún un lábẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ rere ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ibà pọ́njú wọ́pọ̀ lára ọmọ tuntun, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù tí a kò tètè rí i, ó ń wọ inú ọpọlọ. Ó lè pa ọmọ. Ó sì lè dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, kó dí i létí pa títí ayé.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti dán ẹ̀rọ náà wò, lára àwọn ọmọ tí wọn ò tíì gbé relé. Èmi ni mo ní ó yẹ ká gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti délé. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ bá mi lọ sí Eleko, létí òkun. Nílé apẹja kan, ìyá àgbà ti fi osùn àti òrí ra ọmọ lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń dán bí ẹyìn. Mo gbé ẹ̀rọ lé e níwájú orí. Nọ́ńbà tó mú wá kéré. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé osùn náà lọ sójú ọmọ, ìyá rẹ̀ sì fi etí ìró nù ún. Mo tún gbé ẹ̀rọ lé e. Nọ́ńbà ti gòkè. Èmi àti ọmọbìnrin náà wo ara wa. Osùn ń bo ibà náà mọ́lẹ̀ lójú ẹ̀rọ. A dé ilé mélòó kan sí i, bákan náà ló rí.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé bàtà tuntun lọ sọ nìyẹn.

"Màmá, osùn?" Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ní Èkó tí a wà yìí? Ta ló ṣì ń kun ọmọ lósùn? Àbí ẹ fẹ́ gbé ìyàwó fún wa ni?"

Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan ní, "Ẹ rọra o, kí Màmá má lọ fi osùn kun fáìlì wa!"

"Ẹ kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n nu iwájú orí ọmọ kí wọ́n tó lò ó," ni mo wí. "Gbólóhùn kan péré."

"Gbólóhùn kan yẹn á dá wa padà sẹ́yìn, ma. Wọ́n á ní ká tún gbogbo àyẹ̀wò ṣe." Ó yíjú sí ọmọbìnrin tó bá mi lọ sí Eleko, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ìwọ náà wà níbẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀?"

Mo wò ó, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀rọ mú. Tábìlì ló ń wò. Ó ní, "Ó lè jẹ́ òógùn ni, sà."

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, kò sì pẹ́ tí wọn ò fi pè mí sí ìpàdé mọ́.

Ìgbà náà ni oorun dá lójú mi. Bí mo bá gbọ́ pé wọ́n bímọ ládùúgbò wa ní Ajah, mo máa ń wá ilé náà lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú sínú báàgì, mo ń bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n nu orí ọmọ kí wọ́n tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ń gbé ọmọ wọn sá fún mi. Wọ́n ní kí ni arúgbó tí ò bá wọn tan ń wá lórí ọmọ wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni fóònù dún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má gé e." Alága ni. "Ọmọ-ọmọ mi ni. Láti àná ni kò ti mu ọyàn, oorun ṣáá ló ń sùn. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wò ó nílé, wọ́n ní kò sí nǹkan."

"Ta ló ń wẹ̀ ẹ́?"

"Ìyá mi ni, ma. Wọ́n wá láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní ọmọ ò ní jáde kó tó gba orúkọ, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti ní ara rẹ̀ dá."

Nǹkan kan rẹ́rìn-ín nínú mi kí ẹ̀rù tó bà mí. Ṣùgbọ́n a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ìkókó kọ́ ló fi mí rẹ́rìn-ín. Mo gbé báàgì tí òwú wà nínú rẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀.

Mo bá ìyá àgbà lórí àga, wọ́n na ẹsẹ̀, ọmọ wà lórí itan wọn, ó pupa fòò. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ nu orí rẹ̀, wọ́n kọjú sí alága, ọmọ wọn.

"Ṣé osùn lo pè wọ́n wá wò? Òun ni mo fi ra ìwọ náà lára. Kí ló ṣe ẹ́?"

Alága tí kò mọ ẹni tó ń kun ọmọ lósùn l'Ékòó sorí kọ́.

Mo nu iwájú orí náà títí òwú kò fi pọ́n mọ́. Lábẹ́ osùn, awọ ọmọ náà dà bí ìyeyè tó pọ́n. Mo gba ẹ̀rọ tí wọ́n fi wò ó lọ́wọ́ alága, mo gbé e lé orí náà. Nọ́ńbà tó jáde mú kí ìyá ọmọ figbe ta. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ dìde, ọmọ láyà wọn. "Ọkọ̀ dà?" ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin tí ẹ dúró yìí, ọkọ̀ dà?"

Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n fi ń lé ibà pọ́njú nílé ìwòsàn, ó sì yè. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó ta gìrì. Alága di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún.

Ẹkún náà gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbólóhùn mi wá dé sára ìlànà ẹ̀rọ náà: kí wọ́n nu iwájú orí ọmọ kí wọ́n tó lò ó. Alága ló kà á fún gbogbo ènìyàn bí ìmọ̀ tuntun, ọmọbìnrin tí mo kọ́ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó dárúkọ mi. Mo bínú sí ìyẹn títí ìbínú fi sú mi.

Èyí tí kò sú mi ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí láàárín ìpàdé yẹn àti gbólóhùn yẹn. Ọmọ-ọmọ alága ni wọ́n pè mí sí. Ta ni wọ́n pè sí ti àwọn yòókù? Wọ́n ti tó ọmọ ilé ìwé báyìí. Bí mo bá ń ra ọsàn lẹ́bàá títì ní Awoyaya, tí ìyá kan ń pe ọmọ rẹ̀, tí ọmọ náà ń lọ níwájú láìdáhùn, ẹsẹ̀ mi kì í gbé mọ́. Ìyá rẹ̀ á tún pè é. Mo máa ń dúró, pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́, kí ó bojú wẹ̀yìn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń bojú wẹ̀yìn.