Ọkọ̀ Tí Nọ́ọ̀sì Moríyọ̀ Lè Sùn Nínú Rẹ̀

Bí ènìyàn bá dé Ọ̀bà-Ilé lónìí tí ó dárúkọ olóògbé Nọ́ọ̀sì Moríyọ̀, kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa iye ọmọ tí ó gbẹ̀bí wọn. Ọjọ́ tí ó sùn sínú ọjà Ọláwuyì ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ, ẹ̀rín yóò sì ti gbà wọ́n lẹ́nu kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ọláwuyì ń ta àlòkù ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ wọ Ọ̀bà-Ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì gun alùpùpù rẹ̀, tó máa ń pè ní maṣíìnì, wọ ọgbà ọkùnrin náà, ó di ẹní àti ìrọ̀rí sẹ́yìn, ó gbé àpótí ìdáná há iwájú. Tíṣà Adépọ̀jù, ọkọ rẹ̀, ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn. Ó ti fa fìlà bo ojú, nítorí ó mọ ohun tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì yí bọ́ọ̀sì funfun kan po. Kò wo ẹ́ńjìnnì, kò ta táyà nípàá. Ó ti àpótí sábẹ́ ọkọ̀, àpótí há, ó pòṣé. Ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tẹ́ ẹní, ó gbórí lé ìrọ̀rí, ó nà gbalaja. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta.

"Alájì, ẹ bá mi ti ìlẹ̀kùn."

"Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ yín wà níta."

"Ṣé ẹ̀yin náà ti rí i báyìí? Ọkọ̀ yín kúrú."

"Ọkọ̀ la fi ń rìn, ìyá. Orí bẹ́ẹ̀dì la ti ń sùn."

"Ẹ ta èyí tí wọ́n fi ń rìn fún ẹni tó bá ń rìn. Èmi ń wá èyí tí màá máa sùn sí, tí maṣíìnì mi á sì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ọláwuyì wo Tíṣà, ó tún wo obìnrin tó nà sílẹ̀. "Ọkọ yín, Bàbá Bísọ́dún, ńkọ́? Níbo ni kí àwọn sùn?"

"Wọ́n nílé. Maṣíìnì ń bá mi sọdá odò, àwọn kì í bá mi sọdá."

Ìjàrẹ́ ni Nọ́ọ̀sì ti gbẹ̀bí mọ́jú, bí ara rẹ̀ ṣe kan ẹní, oorun gbé e lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ta ni yóò jí i? Gbogbo ọmọ Ọláwuyì, ọwọ́ obìnrin yìí ni wọ́n bọ́ sí. Bí wọ́n ti ń wò ó ni oníbàárà kan dé, bọ́ọ̀sì funfun yẹn gan-an ló sì wù ú. Ó yọjú wọnú ọkọ̀, ó fà sẹ́yìn, ó bi Ọláwuyì pé, "Ṣé òun náà wà nínú iye tí ẹ pè yẹn?" Ọláwuyì nàka sí Tíṣà. Tíṣà ṣí fìlà díẹ̀ kúrò lójú. "Ẹ rò ó dáadáa o," ló wí. "Bí ẹ bá ti gbé e, a kì í gbà á padà."

Ọmọ Oǹdó ni Moríyọ̀, ọmọ Àkúrẹ́ ni Adépọ̀jù. Bí ìjà bá dé láàárín wọn, kálukú á sá wọ inú ẹ̀ka èdè ilé bàbá rẹ̀, wọn á máa rọ̀jò ọ̀rọ̀ síra wọn. Ìjà náà kì í pẹ́, nítorí ìdajì èébú tí wọ́n ń bú ara wọn ni kì í yé ẹni tí wọ́n ń bú.

Ayé Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ni ohun tí à ń wí yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí náírà ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní mọ́tò gbé e sórí òkúta nítorí kò rí táyà rà. Àwọn obìnrin inú kám̀pù oníkòkó, lẹ́yìn Oǹdó lọ́hùn-ún, kò rí ọkọ̀ wọ̀lú mọ́ bí ìrọbí bá mú wọn. Nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ó ní ògiri lòun fẹ̀yìn tì, òun ti sinmi tán, òun sì ti dìde.

Òun ló ń gun alùpùpù lọ bá wọn. Alùpùpù náà mọ ojú ọ̀nà tóóró abẹ́ igi kòkó bí ẹni mowó. Ọ̀nà jíjìn láti Ọ̀bà-Ilé ni kò bá a mu, ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, òjò lókè. Lọ́dún kan, òjò ká Nọ́ọ̀sì mọ́ kám̀pù, ó sùn sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń jò. Ikọ́ tó gbé bọ̀ wálé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun náà lọ. Tíṣà jókòó tì í, ó ń fi ṣíbí bu omi gbígbóná sí i lẹ́nu, ẹ̀rù sì ń bà á.

"Moríyọ̀, jókòó sílé. Mo bẹ̀ ọ́."

"Tíṣà, ẹ ò tíì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké." Ó húkọ́ títí ó fi rọlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n ní ilé tó ní táyà. Màá gbé maṣíìnì sínú rẹ̀ débi tí ọ̀nà ńlá parí sí. Màá gun maṣíìnì wọgbó, màá tún padà wá sùn sínú ilé mi. Òjò ò ní rí mi pa mọ́."

Ó ti pẹ́ tí Tíṣà ti ń tu owó jọ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, páànù tuntun ló fẹ́ fi kan òrùlé ilé wọn. Ó gbójú sókè wo òrùlé náà, ó wo ìyàwó rẹ̀ tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. "Òrùlé yìí ṣì lè dúró," ló wí. Bí ó ṣe pa ẹnu dé ni omi kán tó sí i níwájú orí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ wọ́n. Abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga kí ó má baà fi àyà wọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ìdí nìyẹn tí Nọ́ọ̀sì fi ń gbé àpótí kiri: ọkọ̀ tí àpótí kò bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí olówó rẹ̀ máa gbé e lọ. Ó gbọ́dọ̀ gba alùpùpù, kí ó sì ṣẹ́ku ibi tí ènìyàn lè na ẹsẹ̀ sí. "Ohun tí ò ń wá yìí," ni Tíṣà wí, "màlúù tó ń yé ẹyin ni."

Lẹ́yìn bọ́ọ̀sì funfun ọjọ́ yẹn, Ọláwuyì mú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó ní kí wọ́n ra tapólì bò ó. Nọ́ọ̀sì ní, "Ọwọ́ òjò ni mo ti sá wá, Alájì, ẹ tún fẹ́ fi tapólì wé mi fún un." Bọ́ọ̀sì Fólúsì kan tún wà tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ tà. Ó gùn, kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ẹnu ọ̀nà tí alùpùpù ì bá gbà wọlé gan-an ló jókòó sí bí oníbodè.

Jíìpù ló wá kàn. Jíìpù yìí lágbára, àpótí gba abẹ́ rẹ̀ kọjá fàlàlà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nọ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n kí ó tó lè dùbúlẹ̀.

"Ó gbà yín, àbí kò gbà yín?" ni Ọláwuyì bi í. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Alájì, ọmọ tí mo ti fà jáde nínú ikùn ìyá wọn níbi tí wọ́n ká kò sí báyìí kò lóǹkà," ni Nọ́ọ̀sì dáhùn láti inú ibi tó ká kò sí. "Èmi náà kò ní padà síbẹ̀."

Oǹdó ni wọ́n ti wá rí ọkọ̀ ọ̀hún. Nínú ọgbà mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Bọ́láwálé, lábẹ́ igi máńgòrò, Láńdìrófà gígùn kan wà tí ìjọba fi ń gbé sinimá kiri abúlé nígbà tí owó ṣì ń jẹ́ owó. Wọ́n ti lù ú ní gbàǹjo tipẹ́. Koríko ti hù gba ilẹ̀ rẹ̀ jáde, adìyẹ kan sì sàba lórí àga awakọ̀. Ṣùgbọ́n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Àpótí gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìfara kàn án. Wọ́n fi pákó ti alùpùpù wọlé, Nọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀ tì í, ó na ẹsẹ̀, ó na apá. Tíṣà rí i pé omi ti lé sí i lójú.

Kò jẹ́ kí Bọ́láwálé rí i ní tirẹ̀. Ó nu ojú, ó bọ́ sílẹ̀. "Èló ni ilé adìyẹ yìí?"

"Màmá! Ọkọ̀ ìjọba ni!"

"Ìjọba wà níbẹ̀? Adìyẹ ni mo bá. Iye tí wọ́n ń ta ilé adìyẹ ni kí ẹ pè."

Wọ́n fà á títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Bọ́láwálé ṣí fìlà, ó tún un dé, ó pe àwọn ará àdúgbò ṣe ẹlẹ́rìí pé wọ́n ń ja òun lólè. Níkẹyìn ó gba iye tó wà lọ́wọ́ Tíṣà, ó sì nawọ́ láti lé adìyẹ náà kúrò kí ó lè ṣí ẹ́ńjìnnì wò. Nọ́ọ̀sì di apá rẹ̀ mú.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Kí n lé e, Màmá. Ẹ ti ra ọkọ̀."

"A kì í lé abiyamọ. Ẹ jẹ́ kó pamọ ná."

Àbí ẹ rò pé àwàdà ni? Wọ́n sanwó tán, wọ́n wọ mọ́tò èrò padà sí Ọ̀bà-Ilé, wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún adìyẹ. Bọ́láwálé tún nǹkan tó lè tún ṣe láti ìta. Nígbà tí òròmọdìyẹ jáde, Nọ́ọ̀sì lọ kà wọ́n, ó yẹ ìyá wọn wò, ó kí i kú ewu. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Bọ́láwálé tó jókòó sórí àga láti kọ́ Nọ́ọ̀sì ní wíwà ọkọ̀. Títí di ọjọ́ òní, àwọn ará Oǹdó ṣì ń sọ pé ìtọ́jú tí adìyẹ yẹn rí gbà, aya olóyè kan kò rí i gbà rí.

Kám̀pù Bàbá Akínlolú ni ọkọ̀ náà kọ́kọ́ lọ, Tíṣà sì bá a lọ nítorí ìsinmi ilé-ìwé ni. Ọ̀nà yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá lẹ́yìn òjò, ṣùgbọ́n Láńdìrófà gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó kọjá. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, alùpùpù já lára okùn, ó wó lu Tíṣà lẹ́yìn.

"Moríyọ̀! Láàárín èmi àti maṣíìnì yìí, ta ni ọkọ rẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ṣùgbọ́n òun kì í pariwo."

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Ó jọ Tíṣà lójú pé àwọn ará kám̀pù láyọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ọmọdé ń hó, àwọn àgbà ń gbé bẹ́ǹṣì jáde, kálukú sì ń jókòó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bàbá Akínlolú, olórí wọn, gba àga iwájú, ó wé aṣọ mọ́ èjìká. "Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀. Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"

"Kí n bẹ̀rẹ̀ kí ni, Bàbá?"

"Sinimá! Ṣé a ò mọ ọkọ̀ yìí ni? Ó ti pẹ́ tó ti wá kẹ́yìn!"

Obìnrin kan ń rọbí lọ́wọ́ nínú ilé. Nọ́ọ̀sì wo àwọn ènìyàn tó jókòó, kò fẹ́ já wọn kulẹ̀. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù, sinimá ń bọ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n gbọ́ igbe ìyá, wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbọ́ ohùn Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀ ẹ́, tó sì ń bá a wí, wọ́n fara balẹ̀ sí i. Igbe mìíràn wá dún, kékeré, tó mú bí abẹ. Nọ́ọ̀sì jáde, ó gbé ọmọ tuntun sókè nínú aṣọ funfun.

"Ẹ wò ó! Sinimá rèé!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì patẹ́wọ́. Bàbá Akínlolú nìkan ni kò pa á. Ó na ọrùn, ó wo ọmọ náà lókè nílẹ̀, ó fara ti àga. "Ó dára," ló wí, "ṣùgbọ́n a ti wo eléyìí rí."

Láti ọjọ́ náà, kò sí kám̀pù tí ọkọ̀ náà dé tí wọn kì í tẹ́ bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì náà fẹ́ràn òǹwòran. Bí ìrọbí bá pẹ́, á jáde wá sọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún wọn, á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, á padà wọlé. Láńdìrófà náà sìn ín títí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi dákẹ́ pátápátá. Nígbà tó fi máa dákẹ́, ó ti sọ Tíṣà di ẹni tó mọ ẹrẹ̀ yọ kúrò lára táyà ju bó ti mọ ìṣirò lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni Nọ́ọ̀sì Moríyọ̀ kú, lórí ibùsùn rẹ̀, ní Ọ̀bà-Ilé. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà ní kí Tíṣà wá sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó di àga mú, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Ẹnì kan nínú àwọn obìnrin kám̀pù, níjokòó ẹ̀yìn, rántí nǹkan kan, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò dá a dúró. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó tàn dé iwájú, títí àlùfáà fi yíjú sí ògiri tí èjìká rẹ̀ ń mì. Tíṣà dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn wọ irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ ṣeun," ló wí nígbà tó rí ohùn. "Ẹ ti bá mi sọ ọ́."

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n tẹ̀lé Tíṣà délé. Wọ́n jókòó sábẹ́ òrùlé, wọn ò lọ. Ọ̀kan ń sọ, èkejì ń ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe rí. Tíṣà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe, kò tún ti ẹnikẹ́ni ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, ìyá kan láti kám̀pù bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì bọ́ sódò tí ó sì ń bá odò náà jà. Tíṣà gbé orí sókè. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ obìnrin náà.

"Ìyá, n kò gbọ́ eléyìí rí," ló wí. "Ẹ rọra máa sọ ọ́. Ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀."