Nígbà Tí Ojú Dosi Kún Fóònù

Láyọ̀ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Aradagun, ó padà sí Ajido lọ́dọ̀ Dosi, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó ń yan ẹja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ti ẹja Dosi ló kọ́kọ́ ṣe. Ó gbé àwòrán Dosi sókè. Nínú CSS, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ń sọ bí ojú ìwé ṣe máa rí, ó kọ ọ́ pé kí àwòrán náà fẹ̀ tó 120. Àwòrán jókòó jẹ́ẹ́. Gbogbo ẹni tó wá ra ẹja ni Láyọ̀ ń fi í hàn.

Lọ́jọ́ kan, ó kà á níbì kan pé ó yẹ kí ojú ìwé ní ìlà kan lókè pátápátá, tí yóò sọ fún bùráwúsà, ìyẹn ohun tó ń ṣí ìkànnì lórí fóònù, pé òfin òde òní ni òun ń tẹ̀ lé. Ó fi ìlà náà sí i. Ojú Dosi bá wú, ó kún fóònù bámúbámú. Imú nìkan tó ọkọ̀ ojú omi. Láyọ̀ pa fóònù, ó tún un tàn, imú ò kúrò níbẹ̀.

Ó pe Mákánjú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ìkànnì ní Badagry, ó sì ka ohun tó kọ fún un.

"Ọgọ́fà kí ni o kọ?" Mákánjú bi í.

"Ọgọ́fà ṣáá ni."

"Ìyẹn ló fà á. Tí ìlà yẹn ò bá sí lókè, bùráwúsà á rò pé ojú ìwé àtijọ́ ni, á gbójú fo àṣìṣe rẹ, á ka ọgọ́fà sí píksẹ́lì, àwọn tóótòòtó tí wọ́n fi ń wọn ojú fóònù. Ní báyìí tó o ti ní òfin lò ń tẹ̀ lé, kò ní bá ẹ méfò mọ́. Ńṣe ló máa da iye tí kò ní òṣùwọ̀n nù, àwòrán á sì padà sí bó ṣe tóbi tó látilẹ̀."

"Òdo tí mo kọ fún àlàfo etí ojú ìwé ńkọ́? Òun náà ò ní òṣùwọ̀n, ó sì gbà á."

"Òfìfo ni òfìfo, ohun yòówù kéèyàn fi wọ̀n ọ́n."

Láyọ̀ bá lẹ px, ìkékúrú píksẹ́lì, mọ́ gbogbo nọ́ńbà tó rí, títí kan 2 tó fi sọ bí ìlà ọ̀rọ̀ ṣe máa jìnnà síra. Àwòrán kéré padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìlà ọ̀rọ̀ gun ara wọn bí edé inú apẹ̀rẹ̀. Mákánjú rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ibẹ̀ yẹn ò nílò òṣùwọ̀n, torí ìlọ́po méjì ìwọ̀n lẹ́tà ni 2 túmọ̀ sí. Láyọ̀ yọ px ibẹ̀ kúrò, gbogbo rẹ̀ sì gún.

Ó gbé e lọ fún Dosi nídìí iná. Dosi wò ó títí.

"Ta ló gé mi kù?"

"Mo tún un ṣe ni, Àǹtí. Ẹ ti kún fóònù jù."

"Ṣé mo sọ fún ẹ pé mò ń sá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni ni?"

Wọ́n dúnàádúrà títí wọ́n fi fẹnu kò sí 300px, Dosi sì padà sídìí ẹja rẹ̀.