Ọ̀gá Wa Ní Pupa Ti Pọ̀ Jù Lórí Máàpù Mi

Ọjọ́ tí ọ̀gá wa ní kí n pa àwọ̀ omi dà ni mo mọ̀ pé ìwé tí mo kà kò tíì tó mi í fi ṣiṣẹ́ ní Enugu.

Ọ́fíìsì ìlera kan ni mo ti ń ya máàpù. Bí òjò bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, n óo rìn láti Ngwo dé Emene, n óo máa wo ibi tí omíyalé lè dé. Ibi tó bá léwu, n óo kùn ún ní pupa. Omíyalé kì í dá wá: omi ṣáláńgá a wọ kànga, àrùn onígbáméjì a sì tẹ̀lé e. Nítorí náà, oògùn gbọ́dọ̀ ti wà níbi tí omi ò ní dé.

Lọ́dún yẹn, ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé tí a óo máa kó oògùn sí ní Emene. Orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri. Mo ya máàpù tán, pupa bo ilé náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá wò ó títí. “Màdáàmù Ṣadé, ṣé pupa yìí ò pọ̀ jù?”

“Omi ló pọ̀, sà.”

“Àlejò ń bọ̀ láti Àbújá. Fi yẹ́lò sí i. Yẹ́lò náà ń kìlọ̀, kì í kàn pariwo ni.”

Mo lọ́mọ méjì nílé ìwé. Mo kùn ún ní yẹ́lò. Àwọn àlejò dé, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n lọ.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Rìsíkátù, nọ́ọ̀sì tó ń darí kílíníkì Emene. Ará Ìlọrin làwọn òbí rẹ̀, àmọ́ Enugu ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ kì í rìn jìnnà kí Píjìn tó gbé e.

“Àǹtí, ṣé yẹ́lò làwọn aláìsàn máa mu? Abeg, ẹ jẹ́ ká kó oògùn kúrò níbẹ̀.”

A sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ilé tuntun náà pé a fẹ́ yẹ oògùn wò. A fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá kó gbogbo dírípù àti oògùn ìgbẹ́ gbuuru lọ sí ilé ìwé kan tó wà lórí ilẹ̀ gíga.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òjò dé. Omi kan fèrèsé ilé tuntun náà, àga ọ̀gá ń léfòó nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí onígbáméjì fi bẹ́ sílẹ̀. Nílé ìwé náà, a tẹ́ àwọn ọmọdé sórí bẹ́ǹṣì, a fi dírípù kọ́ ìṣó pátákó ìkọ̀wé. Gbogbo ẹni tó dọ́dọ̀ wa ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé.

Ọ̀gá mú oníròyìn rédíò kan wá. “A ti rí i tẹ́lẹ̀,” ó ní. “Máàpù wa ti sọ ọ́.”

Oníròyìn kọjú sí mi. “Àwọ̀ wo lẹ fi sàmì síbẹ̀, mà?”

Ọ̀gá wúkọ́.

“Pupa ni mo fi sí i,” mo ní. “Wọ́n ní kí n sọ ọ́ di yẹ́lò.”

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbé mi lọ sí yàrá fáìlì. Ibẹ̀ làwọn ará Emene ti ń wá mi wá báyìí, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú: “Màdáàmù, ibo ni omi máa gbà lọ́dún yìí?” N óo ti ilẹ̀kùn, n óo sì yà á fún wọn sẹ́yìn fáìlì àtijọ́.