Ọwọ́ Tí Alàájà Fi Gbé Omi

Àwọn ọmọ mi ní kí n má kọ èyí. Wọ́n ní ọkùnrin náà ti darúgbó, ara rẹ̀ kò sì yá. Èmi náà ti darúgbó, ara tèmi náà kò yá, kò sì sí ẹni tí ó bá mi bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó ń ṣe ohun tí ó ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tètè kọ ọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì lè ka ìwé.

Iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe. Mo máa ń gbẹ́ àwòrán sára pátákó, n ó fi róólà pa yíǹkì sí i, n ó tẹ́ bébà lé e lórí, n ó fi ẹ̀yìn ṣíbí onígi ra á dáadáa kí n tó ṣí i. Ohun tó bá wà lápá òsì pátákó, apá ọ̀tún ni yóò bọ́ sí lórí bébà. Nítorí náà òdìkejì ni a máa ń gbẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò ba pátákó púpọ̀ jẹ́ kí orí rẹ̀ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí i. Ọkọ mi máa ń sọ, kí ó tó kú, pé orí tèmi yí títí kò lè yí padà mọ́, pé ìdí nìyẹn tí n kì í fi gbà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Inú gáráàjì tó ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí ní Nukafu, ní Lomé níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò ló kọ́kọ́ kú.

Ayàwòrán ni ọkùnrin tí mò ń wí yìí. Ọ̀dà ni òun ń kùn sórí aṣọ. Ọmọ Atakpamé ni, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́ èdè ara wa. Ó kọ́lé sí Kodjoviakopé, nítòsí ibodè, níbi tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó pàápàá ti ń pè é ní Mẹ́tìrì, orúkọ tí àwọn elédè Faransé ń pe ọ̀gá tó mọṣẹ́. Èmi ló ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ilé-ìwé kan náà la lọ. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, òun ti ń fá irùngbọ̀n. Bí àlejò pàtàkì bá bi í nípa iṣẹ́ mi, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ẹ̀gbọ́n mi yìí gbọ́ iṣẹ́. Èyí á dára lára aṣọ tábìlì."

Lọ́dún tí orúnkún mi wú, ó wá kí mi, ó mú ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì lọ́wọ́. N kò lè dìde kí n lé e jáde. Ó jókòó dojú kọ pátákó tuntun tí mo fi ti ògiri, tí n kò tíì tẹ̀ sórí bébà kankan. Alàájà, àbúrò ìyá mi, ni mo gbẹ́ síbẹ̀. Oníṣòwò aṣọ ni ní ọjà ńlá. Mo gbẹ́ ẹ bí ó ṣe kúnlẹ̀ nígbà ìṣínu ààwẹ̀, tó ń gbé omi fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀: ọ̀tún fún ife, òsì di ìborùn mú kí ó má bàa já bọ́. Lára pátákó, dájúdájú, òdìkejì ni gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà wo igi yẹn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Ó jẹ ọ̀kan nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà fúnra rẹ̀ kó tó lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú pe àwa ayàwòrán Lomé sí àfihàn, iṣẹ́ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ àwòrán Alàájà sórí bébà, mo ká a bí ẹní, mo gun alùpùpù akérò, mo gbé e lọ. Ọmọbìnrin tó ń darí ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ni. Ọkùnrin yẹn ni Mẹ́tìrì lẹ́nu rẹ̀, èmi ni Tàǹtí, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbí. Ó tú àwòrán mi.

"Tàǹtí, wàhálà kékeré kan wà."

"Wàhálà kì í kéré àfi lẹ́nu ẹni tí kò kàn."

"Mẹ́tìrì ti gbé irú èyí wá. Tirẹ̀ tóbi jù, ó sì ní àwọ̀. Bí a bá gbé méjèèjì kọ́, àwọn ènìyàn á máa béèrè ẹni tó wo ti ẹnì kejì."

"Ta ni ìwọ rò pé ó wò ó?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwòrán mi padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń wé òkú. Ó yé mi. Wọn ó dá iṣẹ́ mi tó dára jù lọ padà sí gáráàjì, kí ọ̀sẹ̀ sì tó parí, gbogbo ẹni tó ń di búrọ́ọ̀ṣì mú títí dé Agoè yóò ti gbọ́ pé mo jí àwòrán ẹlòmíràn yà, pẹ̀lú ewú lórí.

Mo ní kí ó mú mi lọ wo ti Mẹ́tìrì. Mo wò ó, mo tọrọ àga, mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín, Tàǹtí?"

"Ọwọ́ wo ni obìnrin yẹn fi gbé omi?"

"Òsì."

"Bí ìwọ bá fi òsì gbé omi fún bàbá rẹ ńkọ́?"

"Á dà á sí mi lára. Ṣùgbọ́n Mẹ́tìrì lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ó ń bi àṣà léèrè ọ̀rọ̀."

"Nǹkan roboto tó wà lára ògiri yẹn, kí ni?"

"Òṣùpá ni."

"Nínú pálọ̀?"

"Tàǹtí, àwòrán ni."

Kókó igi ni. Pátákó mi ní kókó kan níbẹ̀ tí ọ̀bẹ kò ràn, ọkùnrin náà sì fi ọ̀dà òféfèé kùn ún dáadáa. Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà bí ọ̀tún orí bébà ṣe máa ń jẹ́ òsì lára pátákó, ó ń mi orí bí ẹni tó ń dúró kí àlejò máa lọ. Mo ní kó ṣáà fi tèmi sábẹ́ tábìlì títí di ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí àfihàn, pé n ó mú àlejò kan wá. Ó gbà, kí n lè dìde lórí àga rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo fi ìró wé pátákó mi, mo sì mú Alàájà dání. Lọ́fínńdà rẹ̀ ti wọlé kí àwa tó wọlé. Mẹ́tìrì dúró níwájú iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi Faransé ròyìn fún àwọn àlejò bí òun ṣe máa ń rántí ìṣínu àwọn Mùsùlùmí. Alàájà fi ìgúnpá la àárín wọn.

"Ta nìyí?"

"Obìnrin kan ni, Màmá. Ojú mi ni mo fi rí i."

"Èmi nìyí."

"Ẹ kú oríire, Màmá."

"Ọwọ́ wo ni mo fi ń gbé omi fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi?"

Ó yíjú wo àwòrán rẹ̀. Mo lè búra pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wo ọwọ́ náà.

"Bí mo ṣe rí i gẹ́lẹ́ nìyẹn."

"Níbo lo ti rí i?"

"Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo rí i, Màmá."

"Mo sìn wọ́n nínú ilé yẹn títí irun mi fi funfun, wọn kò rí òsì mi nídìí oúnjẹ rí. Bàbá yẹn ti kú, ìwọ wá fi òsì bu omi fún un. Ṣé ìyá tó bí ọ kò ráyè tọ́ ọ ni?"

Mo tú ìró, mo gbé pátákó mi ti ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ̀. Mo ní, "Òótọ́ ló sọ, Alàájà. Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí i."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka kan kókó igi, ó fi kan òṣùpá. Ó lọ fa àwòrán mi yọ lábẹ́ tábìlì, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní, "Mẹ́tìrì?"

Ọkùnrin náà ní odò kan náà ni gbogbo oníṣẹ́ ọnà ti ń bu omi mu.

Alàájà ní, "Ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń bù ú?"

Kí wọ́n tó gbé ọtí kiri, wọ́n ti gbé ti Mẹ́tìrì kúrò, tèmi ti wà lórí ògiri, orúkọ mi wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí tirẹ̀ ti tóbi jù ú lọ hàn funfun yí i ká, èyí sì dùn mọ́ mi ju ohunkóhun lọ. Mo mú Alàájà wá síwájú rẹ̀ kí ó wo ara rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Imú mi kò tó báyìí."

"Alàájà, imú yín nìyẹn."

"Èyí tí ọkùnrin yẹn ṣe dára jù."

Ó kígbe pe Mẹ́tìrì padà lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ, gbé e wá sílé mi. Tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Má fọwọ́ kan imú."

Mẹ́tìrì sì gbé e lọ. Ó tún ọwọ́ náà kùn níṣojú Alàájà, nínú pálọ̀ Alàájà, wọ́n sì fún un ní oúnjẹ. Ní gbogbo ọdún Iléyá tí mo bá lọ kí i, bí àlejò bá ti wọlé, Alàájà á nàka sókè sára ògiri, á ní ayàwòrán ńlá kan ní Kodjoviakopé ló ya òun. Lẹ́yìn náà á nàka sí mi, á ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí náà máa ń fi igi ṣe nǹkan." Mo kàn ń wá àga tó kọ ẹ̀yìn sí ògiri yẹn.